Ojú Ọ̀rọ̀pọ̀

Ẹni tó bá rò pé ẹ̀kọ́ parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọ èèyàn lẹ́wù dókítà ẹran, kó wá wo Hamidat ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwòsàn ẹran kékeré kan tó wà lẹ́bàá títì Ìkàrẹ́ nílùú Ọ̀wọ̀. Ọmọ tó mọ orúkọ gbogbo egungun ajá láti imú dé ìrù ni. Ṣùgbọ́n ajá inú ìwé kì í gé èèyàn jẹ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ológbò ti ha á lápá, ajá ọdẹ kan láti Ìdógùn sì ti lé e gun orí tábìlì. Òkè níbẹ̀ ló dúró sí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, tó ń pe Ọlọ́run àti ọ̀gá rẹ̀ pọ̀.

Ilé wọn náà ní wàhálà tirẹ̀. Télọ̀ ni bàbá Hamidat láàárín ìlú, Mùsùlùmí tó di ẹ̀sìn mú ṣinṣin, tí kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan ilé òun. Nítorí náà, ìyá rẹ̀, Ṣẹ̀fíátù, a máa gbé omi àti ọṣẹ sí ẹ̀yìnkùlé dè é. Kí Hamidat tó kí ẹnikẹ́ni nírọ̀lẹ́, yóò ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, yóò sì ti wẹ̀. "Ọmọ tí a rán lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà," ni Ṣẹ̀fíátù máa ń wí, "òun ló ń gbé òórùn ajá bọ̀ wálé yìí. Ẹ bá mi wò ó." Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́ o. Òun kan náà ló ń ròyìn káàkiri ọjà pé ọmọ òun ti di dókítà, kò kàn sọ irú dókítà tó jẹ́ ni.

Ọdún kan gbáko ni dókítà tuntun fi ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá nílé ìwòsàn yẹn. Hamidat àti Babátọ́pẹ́, ọmọkùnrin aláwàdà kan tí wọ́n jọ jáde ní yunifásítì, ni wọ́n wà níbẹ̀ lọ́dún náà. Dókítà Dominic ni ọ̀gá wọn. Ọkùnrin gíga ni, kì í pariwo, ì bá sì sàn kó máa pariwo, torí bó bá ti dákẹ́ tó ń wò ọ́, wàá jẹ́wọ́ ohun tí o kò ṣe. Ó ní ọ̀nà kan tó fi ń kọ́ni. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ ojoojúmọ́, kí wọ́n fọ kéèjì, kí wọ́n wọn oògùn, kí wọ́n di ẹran mú fún abẹ́rẹ́, yóò fún dókítà tuntun kọ̀ọ̀kan ní aláìsàn kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

"Ìwọ lo ni ín," ni yóò wí. "Bó bá yá, ìwọ lo wò ó. Bó bá bàjẹ́, ìwọ náà lo máa dúró níwájú wa láti sọ bó ṣe bàjẹ́. O ò gbọ́dọ̀ tì í sí ẹlòmíì lọ́rùn."

Ológbò tó gbé abẹ́rẹ́ ìránṣọ mì ló bọ́ sí Babátọ́pẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n là á, wọ́n yọ abẹ́rẹ́, ológbò lọ sílé, Babátọ́pẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Hamidat ló gba Ọ̀rọ̀pọ̀.

Ẹ sáà mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ajá lórúkọ lọ́dọ̀ wa. Ohun tí èèyàn kò lè sọ lójú aládùúgbò, orúkọ ajá ló máa fi sọ ọ́, yóò sì máa pe ajá náà kíkankíkan láàárọ̀ kùtù kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè gbọ́. Ẹni tó sọ ajá yìí ní Ọ̀rọ̀pọ̀, ó ní ohun tó ń dùn ún nínú nígbà náà, àmọ́ kò sí nílé mọ́ láti ṣàlàyé. Ajá pupa ni, etí rẹ̀ kan ti ya. Obìnrin àgbà kan ló gbé e wá lórí ọ̀kadà láti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá.

Màmá Ignatius ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kátíkísìmù nínú ìjọ Kátólíìkì wọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń ṣe ṣókí, kò gùn, kò yí. Awò dúdú ló fi bojú. Nígbà tó wọ inú ilé tí kò sí oòrùn, kò bọ́ ọ.

"Ojú ló ń dùn ún, Dókítà," ló wí. "Ẹ bá mi wò ó."

Hamidat wò ó. Ipin ti bo ojú ajá náà méjèèjì, ipin aláwọ̀ ewé tó ń fà bí ilá. Nígbà tó fi òwú tútù nu ún kúrò, ó rí i pé ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ti yí sínú, irun ibẹ̀ sì ń ha ẹyinjú nígbàkúùgbà tí ajá bá ṣẹ́jú. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Dókítà Dominic tẹjú mọ́ ọn, ó ní kí Hamidat fúnra rẹ̀ ṣàlàyé fún màmá.

"Iṣẹ́ abẹ kékeré ló máa gbà, mà," ni Hamidat wí. "A máa tún ìpéǹpéjú yẹn yí síta. Àmọ́ a ò lè fi ọ̀bẹ kàn án nígbà tí ipin ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbẹ ẹ́. Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òwú mímọ́ ni kí ẹ máa fi nù ún láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ wá fi oògùn yìí sí i. Bí a bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á fọ́jú."

Màmá Ignatius gba oògùn, ó dúpẹ́, ó gbé ajá rẹ̀ lọ.

Nígbà tó padà wá, ojú Ọ̀rọ̀pọ̀ burú ju ti ìṣáájú lọ. Hamidat pààrọ̀ oògùn. Ó tún padà wá, ipin tún ti kún. Dókítà Dominic kàn ń wo Hamidat, ọmọbìnrin náà sì ń làágùn nínú ẹ̀wù funfun rẹ̀ bí ẹni tó jalè. Níkẹyìn, ọ̀gá ní kí wọ́n dá ajá náà dúró sínú wọ́ọ̀dù, kí wọ́n fúnra wọn máa tọ́jú rẹ̀.

Ẹ wá wo nǹkan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ojú Ọ̀rọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ kedere. Oògùn kan náà ni, ọwọ́ tó ń fi í síbẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Inú Hamidat dùn débi pé ó ń kọrin bó ṣe ń fọ kéèjì. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú wọ́ọ̀dù yẹn tí kò jẹ́ kí inú rẹ̀ dùn tán. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí àwọn ajá yòókù bá ti rọ̀ sílẹ̀, Ọ̀rọ̀pọ̀ a dìde. A kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni ò ní sí níbẹ̀. Ìrù rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kíákíá, irú èyí tí ajá máa ń jù fún ẹni rẹ̀. A ṣe é fún ìgbà díẹ̀, a wá tún dùbúlẹ̀.

"Ó ti rí wọn," ni Babátọ́pẹ́ wí lọ́jọ́ kan tó bá a níbẹ̀. "Ajá ń rí àwọn tó ti lọ. Bu ipin ẹ̀ díẹ̀ pa ojú, kí o bá wa wo ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà."

Hamidat rẹ́rìn-ín. Ta ni ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọn ò sọ fún nígbà kékeré pé ẹni tó bá fi ipin ojú ajá pa ojú á máa rí òkú? Gbogbo wọn ló ti fi dẹ́rù ba ara wọn rí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jáde nínú wọ́ọ̀dù ṣáájú Babátọ́pẹ́, torí kò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa kẹ́yìn síbẹ̀.

Màmá Ignatius wá wo ajá rẹ̀. Hamidat fi ayọ̀ mú un wọlé, ó di orí Ọ̀rọ̀pọ̀ mú kí màmá lè rí i dáadáa. "Ẹ wò ó, mà. Ó ti gbẹ. A lè ṣiṣẹ́ abẹ náà lọ́sẹ̀ yìí bí ẹ bá fọwọ́ sí i."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ojú ajá lábẹ́, ó wo ìka náà. Ìka náà gbẹ. Gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

"Mo fẹ́ máa gbé e lọ sílé," ló wí.

"Mà? A ò tíì ṣe..."

"Mo ní mo fẹ́ máa gbé e lọ sílé, Dókítà. Màá rò ó."

Kò sí ẹni tó lè gba ajá lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ó gbé Ọ̀rọ̀pọ̀, ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Nígbà tó tún gbé e wá, ipin ti padà, ohun funfun kan sì ti yọ lórí ẹyinjú òsì. Hamidat mọ ohun tí funfun yẹn túmọ̀ sí. Ojú náà ti ń lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. Bí ipin yẹn kò bá gbẹ kó sì dúró ní gbígbẹ, Ọ̀rọ̀pọ̀ máa fọ́jú lọ́wọ́ Hamidat, aláìsàn kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Dókítà Dominic la ẹnu nígbẹ̀yìn. "Oògùn kọ́ ló ń kùnà," ló wí. "Lọ wo ilé tí ojú yẹn ń gbé."

Hamidat gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Wọ́n ń sá kòkó lọ́wọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ilé Màmá Ignatius wà ní ìpẹ̀kun àdúgbò, ibi tí ọ̀nà ti já sínú oko. Ó kan ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ó yí gba ẹ̀gbẹ́ ilé dé ẹ̀yìnkùlé, ó sì dúró gbagidi.

Obìnrin náà jókòó lórí àpótí. Kò wọ awò. Orí Ọ̀rọ̀pọ̀ wà lórí itan rẹ̀, ajá náà dákẹ́ jẹ́ẹ́, ohun tó ti mọ́ ọn lára ni. Màmá fi ìka kan nu ipin ojú ọ̀tún ajá náà, ó fi ìka náà pa ojú ọ̀tún ti ara rẹ̀. Ó tún ṣe é sí òsì. Ó ṣẹ́jú, omi ń dà lójú rẹ̀, ó wá gbé orí sókè, ó tẹjú mọ́ ojú ọ̀nà. Ní àkókò yẹn gan-an ni Ọ̀rọ̀pọ̀ dìde, tó kọjú síbi tí obìnrin náà kọjú sí, tí ìrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ẹ̀rù ba Hamidat. Mi ò ní parọ́ fún yín pé nítorí dókítà ni, ẹ̀rù ò bà á. Ó fi ọwọ́ di ògiri mú.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

Obìnrin náà ò ta gìrì. "Jókòó," ló wí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, "ẹ" àti "Dókítà" ló máa ń fi pè é. Lónìí, bí ìyá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ló bá a sọ ọ́. "Jókòó, kí o má dí mi lójú."

Hamidat jókòó sórí ilẹ̀. Wọ́n jọ ń wo ọ̀nà náà. Ẹni kan fi kẹ̀kẹ́ ru igi ìdáná kọjá, ó kí wọn, ó lọ. Nígbà tó yá, ìrù ajá dúró, ajá dùbúlẹ̀. Màmá Ignatius mí kanlẹ̀.

"Kò sí níbẹ̀," ló wí. "A dúpẹ́."

Ìgbà yẹn ló wá sọ ọ́. Ignatius ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí. Jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé wọ́n ń wá a láti Ìkàrẹ́ títí dé Ifọ́n. Wọ́n pè é sí Ifọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní òun á dé kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n rí lójú ọ̀nà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, àpótí irin iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ọlọ́pàá wá, àwọn ọdẹ àti fijilánté wọ inú igbó lọ. Wọn ò rí i láàyè, wọn ò sì rí òkú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò pè láti béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí.

"Wọ́n ní kí n gba Máàsì fún òkú," ló wí. "Mo bi wọ́n pé, ta ló kú?"

Ọ̀rọ̀pọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ajá Ignatius ni, òun ló wò ó dàgbà, òun ló sì máa ń fún un lóúnjẹ alẹ́ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ní ìrọ̀lẹ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n ti ń wá ọmọ náà kiri, màmá rí i tí ajá dìde tó ń ju ìrù sí ojú ọ̀nà tí kò sí èèyàn. Àbí ọmọ òun ló dé tí ojú òun ò lè rí? Ojú ajá nígbà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ipin. Obìnrin tó ń kọ́ ọmọ ní kátíkísìmù, tó mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sí, ó na ọwọ́, ó bu ipin, ó fi pa ojú ara rẹ̀.

"Mo wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Mo kúnlẹ̀ síbí yìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ kejì, ajá tún dìde."

"Torí náà ẹ ń wá a lójoojúmọ́," ni Hamidat wí. "Ẹ fẹ́ rí i."

Màmá Ignatius yíjú sí i, ọmọbìnrin náà sì rí ojú rẹ̀ láìsí awò fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó pọ́n kankan. Etí ìpéǹpéjú ti jẹ, funfun kan ti ń rìn bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú òsì, gẹ́gẹ́ bíi ti Ọ̀rọ̀pọ̀.

"Mi ò fẹ́ rí i," ló wí. "Ìwọ náà ò ní bímọ kí o fẹ́ rí i báyẹn. Ìrọ̀lẹ́ tí mo bá wò tí mi ò bá rí i, ọmọ mi wà láàyè níbì kan nìyẹn. Mo lè jẹun. Mo lè sùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, mo tún ti ń bẹ̀rù."

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ Hamidat ní yunifásítì, kò sí èyí tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Àánú obìnrin náà ṣe é. Ó wá sọ èyí tó wà nítòsí. "Màmá, kòkòrò ló wà nínú ipin yẹn. Òun ló ń jẹ ojú yín. Ẹ máa fọ́jú, ẹ̀yin àti ajá."

"Mo mọ̀. Mo kàwé." Ó fi etí ìró nu ojú. "Ohun tó ń já mi láyà gan-an nìyẹn. Afọ́jú ò rí ẹnikẹ́ni. Bí mo bá fọ́jú, kí ni màá fi mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ lóòótọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká wò ó sàn nígbà náà. Kí ẹ̀yin náà lọ rí dókítà ojú."

"Bí o bá wò ó sàn, ipin á tán. Ta ló máa wá bá mi wo ọ̀nà?"

Ọ̀rọ̀pọ̀ gbé orí lé ẹsẹ̀ Hamidat, ọmọbìnrin náà sì fi ọwọ́ pa á lórí láìronú. Màmá Ignatius ń wo ọwọ́ yẹn.

"Ìwọ ńkọ́?" ló béèrè jẹ́jẹ́. "Ìwọ tó ń fọwọ́ kan ojú ẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Kò ta sí ọ lójú rí?"

Ó ti ta sí i rí. Nínú wọ́ọ̀dù ni, Ọ̀rọ̀pọ̀ gbọn orí nígbà tó ń nu ojú rẹ̀, nǹkan tútù kan sì fò sí i lójú. Ìrọ̀lẹ́ ni. Ibi omi ló sáré lọ, ó ń bu omi bọjú lọ́tùn-ún lósì, kò wo ẹnu ọ̀nà, kò wo ibì kankan.

"Ó ta sí mi rí, mà."

"O rí i?"

"Mi ò rí i."

Òótọ́ ni, kò rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wò, kí ni yóò rí? Kò sọ ìyẹn. Màmá Ignatius ti di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́, ó sì bọ́ sí èdè Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé bí ẹni tí ẹrù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. "Ó ti kan ojú rẹ, ìwọ á máa bá mi wò ó nígbà náà," ló wí. "Dókítà ni ọ́, o ò ní parọ́ fún mi. Gbé ajá lọ."

Bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́ abẹ náà nìyẹn. Ipin gbẹ, màmá fọwọ́ síwèé. Dókítà Dominic dúró ti Hamidat lẹ́yìn, kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ọmọbìnrin náà gé àwọ̀ tín-ínrín lábẹ́ ojú, ó rán an pẹ̀lú òwú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé rí. Ojú Ọ̀rọ̀pọ̀ jiná. Màmá Ignatius náà lọ rí dókítà ojú, wọ́n fún un ní oògùn kíkán, ojú rẹ̀ padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé funfun kékeré ṣì kù nínú ti òsì.

Nígbà tí Hamidat dúró níwájú ọ̀gá àti Babátọ́pẹ́ láti ròyìn aláìsàn rẹ̀, ó ṣàlàyé ìpéǹpéjú, ó ṣàlàyé oògùn, ó ní ìtọ́jú ilé ni kò péye. Dókítà Dominic dákẹ́, ó ń wò ó. Hamidat ò jẹ́wọ́ nǹkan kan. "O ṣe dáadáa," ni ọ̀gá wí nígbẹ̀yìn, Babátọ́pẹ́ sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Hamidat rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, Màmá Ignatius wọlé láìgbé ajá dání. Kò jókòó. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè pé, "O rí i?"

"Mi ò rí i, mà."

"A dúpẹ́." Ó lọ.

Jímọ̀ mìíràn, ó tún dé. Ìgbà yẹn ni nǹkan wá wọ Hamidat lára. Kò gbà á gbọ́, ẹ má ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ parọ́ mọ́ fún ìyá tó ń sunkún ọmọ rẹ̀. Bó bá máa sọ pé òun ò rí i, ó kéré tán kí òun wò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sí géètì ní ìrọ̀lẹ́, tó ń wo àwọn tó ń bọ̀ lójú títì. Màmá ti fi fọ́tò ọmọ náà hàn án nínú fóònù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé ọmọ ajá pupa sókè, tó ń rẹ́rìn-ín, tí èjìká rẹ̀ kan rọ̀ díẹ̀ ju èkejì. Àfi bíi pé gbogbo ọkùnrin Ọ̀wọ̀ ló ní èjìká tó rọ̀. Ọkàn rẹ̀ a fò sókè, ẹni náà a dé tòsí, a jẹ́ ẹlòmíì. Hamidat a tún wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àṣà wíwo ọ̀nà yìí tẹ̀lé e délé. Bó bá kírun Màgáríbì, tó bá sálámà sọ́tùn-ún, tó sálámà sósì, ojú rẹ̀ a tún padà lọ sí ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i.

"Hamidat, ta lò ń wò?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

"Mo mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan," ni Ṣẹ̀fíátù wí, kò sì fi ẹ̀rín sọ ọ́. "Ohun tí mo fi ń bi ọ́ nìyẹn."

Ọdún ìkọ́ṣẹ́ parí. Babátọ́pẹ́ kọrí sí Àkúrẹ́. Hamidat rí iṣẹ́ nílé ìwòsàn ẹran kan ní Ifọ́n, inú àwọn òbí rẹ̀ dùn, bàbá rẹ̀ sì rán ẹ̀wù funfun tuntun méjì fún un láìsọ̀rọ̀ ajá rárá. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ní Ọ̀wọ̀, Màmá Ignatius wá dágbére. Ó gbé iṣu wá, ó mú Ọ̀rọ̀pọ̀ dání. Ojú ajá náà mọ́ gaara.

"O rí i?"

"Mi ò rí i, mà. Mo wò dáadáa."

Obìnrin náà mi orí. Kò sọ pé a dúpẹ́. Ó ń fi ọwọ́ fa okùn ajá, ó ń tú u, ó ń wé e mọ́ ìka.

"Wọ́n ní Ifọ́n lò ń lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Màá máa pè yín lórí fóònù."

"Ọ̀nà yẹn lo máa gbà. Ibi tí wọ́n ti rí ọkọ̀ ẹ̀, wàá kọjá níbẹ̀." Ó tún wé okùn náà mọ́ ìka. "Mo ti rò ó, ọmọ mi. Bí o bá rí i níbẹ̀, má sọ fún mi. Ohun tí o ti ń sọ fún mi, òun náà ni kí o ṣáà máa sọ."

"Ó dáa, mà," ni Hamidat wí, ẹnu rẹ̀ sì ti sọ ọ́ tán kí ó tó mọ ohun tó gbà láti gbé.

Ilé tó gbà ní Ifọ́n, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì tó lọ sí Ọ̀wọ̀. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ dé. Ó kírun tán, ó dìde, ó fa kọ́tìnnì fèrèsé náà pa pátápátá, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ògiri, ó kẹ́yìn sí ojú ọ̀nà. Fóònù dún. Kò dúró kí wọ́n béèrè.

"Mi ò rí i, mà."

"A dúpẹ́," ni Màmá Ignatius wí láti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Ó wá bi í bóyá ó ti jẹun.